Ilé Ni Àbọ̀ Sinmi Oko: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìnàjò Àwọn Nọ́ńbà

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọjà kòkó. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni, àwọn nọ́ńbà gan-an tí a fi ń ka iṣu lóko, tí a fi ń ka owó nínú àpò, tí ọmọdé tí ọ̀rọ̀ kò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀ fi ń ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé bí a bá ti dárúkọ ìṣirò báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rántí pàṣán olùkọ́, tí ọwọ́ wọn yóò sì máa yọ́ lọ síbi tí a ti ń pa rédíò. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe sùúrù fún mi, nítorí ẹni tó bá ti mọ ìlọ́po àti pípín ti mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ lò lónìí, síbẹ̀ inú ohun kékeré yìí ni ìbéèrè kan fara pamọ́ sí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà wọn, kò tíì lè dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Bí ẹ bá ní ọsàn 10, ẹ lè tò ó ní ìlà méjì, kí márùn-ún márùn-ún wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì gún régé. Nítorí náà ni mo ṣe ń pe 2 àti 5 ní òbí 10, nítorí 2 lọ́nà 5 ni ó bí i. Ṣùgbọ́n bí ọsàn náà bá jẹ́ 7, ẹ tò ó síhìn-ín, ẹ tò ó sọ́hùn-ún, ìlà kan yóò gùn ju èkejì lọ, àfi bí ẹ bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo. Irú nọ́ńbà bí 7 yìí ni à ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́: 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àkọ́kọ́, àpáta tí òòlù kò fọ́. Àkọ́kọ́, adádúró má fara ti ẹnìkan. Ọmọ tí kò ní òbí, tí ó sì jẹ́ òbí fún gbogbo nọ́ńbà yòókù! Euclid, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, ti fi hàn ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù pé wọn kò lópin, pé ibikíbi tí a bá kà wọ́n dé, àwọn mìíràn ṣì ń bẹ níwájú. Nígbà tí ó sì di ọdún 1801, Gauss, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ẹ̀rí tí ó kún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nọ́ńbà tí a bí kì í ní ju ìdílé kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó tú 60 wò ní Ìbàdàn àti ẹni tó tú u wò ní Lọ́ńdọ̀nù, 2, 2, 3 àti 5 náà ni àwọn méjèèjì yóò bá nínú rẹ̀, kò ní lé, kò ní dín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a rìn. Ẹ mú nọ́ńbà kan tó wù yín, ẹ wá àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ àkọ́kọ́, ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, kí ẹ wá kọ wọ́n mọ́ ara wọn láìfi àyè kankan sílẹ̀, kí wọ́n lè di nọ́ńbà tuntun kan. Bí nọ́ńbà tuntun náà bá jẹ́ àkọ́kọ́, ìrìnàjò ti parí. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tún tú òun náà, ẹ tún tò ó, kí ẹ máa bá a lọ. Ẹ wo 10 tí a fi ọsàn tò lẹ́ẹ̀kan. Òbí rẹ̀ ni 2 àti 5. A kọ wọ́n mọ́ra, ó di 25. Òbí 25 ni 5 àti 5. Ó di 55. Òbí 55 ni 5 àti 11. Ó di 511. Òbí 511 ni 7 àti 73. Ó di 773. Nígbà tí a sì fẹ́ tú 773, a kan àpáta. Kò sí ohun tó pín in. 10 ti délé. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ó sì dà bí ẹni pé àwọn onímọ̀ ìṣirò pàápàá mọ òwe yìí, nítorí nọ́ńbà tí ìrìnàjò parí sí ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ti ilé. Jeffrey Heleen ni ó kọ nípa irú ìrìnàjò yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ìṣirò ìgbafẹ́, láti ibẹ̀ ni ó sì ti wọ ara àwọn tí kì í sùn bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú.

Àwọn ilé kan wà nítòsí. 6 kò rìn ju ẹsẹ̀ kan lọ kí ó tó dé 23. 4 gba 22 kọjá, ó sì wọlé sí 211. 9 gba 33 dé 311. Nígbà tí ènìyàn bá ti rí mẹ́ta mẹ́rin bẹ́ẹ̀, a máa rò pé eré ọmọdé ni, títí yóò fi kan 8. Nọ́ńbà 8, tí kò tóbi ju 9 lọ, tí kò sì tó 10! Ó ní 2, 2 àti 2 ní òbí, ó di 222. Láti ibẹ̀ ó di 2337, ó di 31941, ó di 33371313, ó di 311123771, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wú bí àkàrà inú epo, títí ó fi rin ẹsẹ̀ 13 kí ó tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ní 3331113965338635107, nọ́ńbà tí àmì òǹkà inú rẹ̀ jẹ́ 19. Mo ti fi ọwọ́ ara mi tú àwọn ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìrìn yìí lórí ìwé, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìpawérẹ́, mo sì lè jẹ́rìí fún yín pé nígbà tí mo rí i pé 7, 149, 317 àti 941 ni ó kóra jọ bí 311123771, inú mi dùn bí inú ọdẹ tó rí ipasẹ̀ ẹran lójú amọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé nọ́ńbà kan kò lè máa yí po lójú kan, kí ó rìn títí kí ó tún padà sí ibi tí ó ti kúrò? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́ lórí rédíò láìlo pátákó ìkọ̀wé. Ẹ mú 7 àti 11. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ìdì 7 mọ́kànlá ni a ní, èyí tí í ṣe 77. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ wọ́n mọ́ra, tí a ní 711, àmì méjì tó wà nínú 11 ti ti 7 síwájú, ó ti sọ ọ́ di 700, èyí tí í ṣe ìdì 7 ọgọ́rùn-ún, 11 tún wá gùn ún lẹ́yìn. Ọgọ́rùn-ún ju mọ́kànlá lọ. Bákan náà ni yóò máa rí fún nọ́ńbà yòówù tí ó bá wà nípò yẹn, nítorí kò sí nọ́ńbà alámì méjì tó tó 100, kò sí alámì mẹ́ta tó tó 1000. Nítorí náà, lójú ọ̀nà yìí, òkè ni gbogbo ẹsẹ̀ ń kọjú sí. Kò sí ìpadàbọ̀, kò sí ìyípo. Yálà kí arìnrìnàjò délé, tàbí kí ó máa gòkè lọ títí ayé àìnípẹ̀kun.

Ǹjẹ́ ẹnìkan wà tó ń gòkè títí ayé? Ibẹ̀ ni omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Ẹ mú 49. Òbí rẹ̀ ni 7 àti 7, ó sì di 77. Láti 77 ó di 711, ó di 3379, ó di 31109, ó di 132393, ó di 344131, ó di 1731653, ó sì ń lọ. Àwọn ènìyàn ti fi kọ̀ǹpútà tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ju ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ lọ, nọ́ńbà tí ó wà lọ́wọ́ wọn báyìí sì ju 200 àmì lọ, bẹ́ẹ̀ 49 kò tíì délé. Kì í ṣe pé àwọn tó ń tọ̀ ọ́ ya ọ̀lẹ. Láti kó òbí pọ̀ kí ó di ọmọ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú akàn ni fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n láti gba ọmọ lọ́wọ́, kí a sì sọ àwọn òbí tó bí i, iṣẹ́ tí ń mú òógùn jáde lára irin ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kan tú nọ́ńbà olókìkí kan tí ó ní àmì 250, èyí tí a mọ̀ sí RSA-250. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ ẹyọ kan ni ó dá ṣe iṣẹ́ náà, nǹkan bí 2700 ọdún ni ìbá gbà á. Irú òkè bẹ́ẹ̀ ni 49 ń gbé ka iwájú àwọn tó ń lé e, bí wọ́n bá sì tú ọ̀kan tán, òmíràn tó tún ga jù ú lọ ni yóò yọ sí wọn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé yóò délé, ìdí tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀ sì wu mí láti sọ. Bí nọ́ńbà bá ti ń tóbi sí i ni àwọn àkọ́kọ́ ń ṣọ̀wọ́n sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe lójijì. Láàárín àwọn nọ́ńbà alámì 10, bíi 1 nínú 23 ni ó jẹ́ àkọ́kọ́. Láàárín àwọn alámì 100, bíi 1 nínú 230. Nígbà tí arìnrìnàjò wa bá sì ti gòkè díẹ̀, àkọ́kọ́ ńlá kan ni ó sábà ń wà nídìí rẹ̀, nítorí náà 1, 3, 7 tàbí 9 ni àmì tó máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Kò ní jẹ́ nọ́ńbà tí 2 tàbí 5 lè pín, àǹfààní rẹ̀ yóò sì sún mọ́ 1 nínú 90 fún alámì 100. Ẹni tó ń ta ayò lójoojúmọ́, tí àyè àtijẹ kò sì fìgbà kan tán fún un, ọjọ́ kan ni yóò jẹ. Ṣùgbọ́n “ọjọ́ kan ni yóò jẹ” kì í ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí nínú ìṣirò. Ìgbàgbọ́ ni, ìgbàgbọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà ni.

Ohun tó mú kí n sọ èyí ni ìtàn John Horton Conway, tí a bí ní Liverpool ní ọdún 1937, tí ó kọ́ni ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, tí ó sì kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 nígbà tí àrùn kòrónà ń jà. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni Conway, ọba nínú àwọn tó mọ̀ pé eré àti ẹ̀kọ́ jọ ń gbé inú ilé kan. Ní ọdún 2014, ó gbé ìbéèrè márùn-ún kalẹ̀, ó sì fi 1000 dọ́là sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni tó bá lè dáhùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àbúrò eré tí a ti ń sọ yìí, ìyàtọ̀ kékeré kan ni ó sì wà níbẹ̀. Bí òbí kan bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Conway kò kọ ọ́ léraléra; ẹ̀ẹ̀kan ni ó kọ ọ́, ó wá kọ iye ìgbà tó fara hàn sí i léjìká, bí a ti ń kọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ó sọ ọmọ orí èjìká náà kalẹ̀ kí ó bá àwọn àgbà tò lórí ìlà. 60 ní 2 lẹ́ẹ̀méjì, 3 àti 5. A kọ ọ́ ní 2235. Òbí 2235 ni 3, 5 àti 149. Ó di 35149, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́. Conway sọ pé ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀, a ó gòkè dé orí àkọ́kọ́ kan. Ó ní kí ẹni tó bá lè fi hàn pé òótọ́ ni, tàbí pé kì í ṣe òótọ́, wá gba owó.

Ẹ kíyè sí ohun tí ìyàtọ̀ kékeré náà ti ṣe. Ní ọ̀nà tí a kọ́kọ́ rìn, òkè nìkan ni a ń lọ. Ní ọ̀nà Conway, ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀: òbí 128 ni 2 lẹ́ẹ̀méje, nítorí náà ó di 27; òbí 27 ni 3 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di 33; 33 ni ó wá di 311. Níbi tí a bá sì ti lè gòkè kí a tún sọ̀ kalẹ̀, ọ̀fìn lè wà. Nọ́ńbà kan lè wà tó jẹ́ pé bí a bá tú u, tí a sì tò àwọn òbí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni a ó tún bá lọ́wọ́ wa, bí ẹni tó jáde ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó sì bá ara rẹ̀ ní ojúde ilé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn dánwò, wọn kò rí irú rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ kí a rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ọdún 2017, James Davis rí i. Nọ́ńbà náà ni 13532385396179, ó ju trílíọ̀nù 13 lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ni 13, 53 lẹ́ẹ̀méjì, 3853 àti 96179. Ẹ bá mi tò wọ́n: 13, lẹ́yìn rẹ̀ 53, lẹ́yìn rẹ̀ 2 tó wà ní èjìká 53, lẹ́yìn rẹ̀ 3853, lẹ́yìn rẹ̀ 96179. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, 13532385396179 náà ni. Kò lọ síbì kan. Yóò dúró síbẹ̀ títí láé, kò sì jẹ́ àkọ́kọ́.

Báwo ni ó ṣe rí i? Èyí ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò ka nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí dé trílíọ̀nù 13. Ẹ̀yìn ni ó gbà wọlé. Ó wo nọ́ńbà tí ó ń wá bí ẹran tó ní ara àti ìrù: ìrù ni òbí tó tóbi jù, ara ni ìlọ́po gbogbo òbí yòókù. Ara lọ́nà ìrù ni ó gbọ́dọ̀ bí nọ́ńbà náà. Síbẹ̀ nọ́ńbà kan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn òbí ara tí a tò sílẹ̀, kí ìrù wá tẹ̀ lé wọn. Bí a bá yọ ìrù ẹyọ kan kúrò ní ìhà méjèèjì, tí ìrù sì jẹ́ alámì márùn-ún, ohun tó ṣẹ́kù ni pé ara, tí a ti yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, lọ́nà ìrù, gbọ́dọ̀ bá àwọn òbí ara tí a tò tí a sì fi òdo márùn-ún sí lẹ́yìn dọ́gba. Nítorí náà, bí ara bá jẹ́ nọ́ńbà tó parí pẹ̀lú òdo mẹ́rin àti 1, àwọn òdo yóò pa ara wọn rẹ́, ilẹ̀ yóò sì mọ́. Ara tó bá a mu ni 140700001. Yọ 1 kúrò, ó ku 1407 pẹ̀lú òdo márùn-ún. Òbí 140700001 ni 13, 53 lẹ́ẹ̀méjì, àti 3853. Tò wọ́n, ó di 135323853. Pín èyí sí 1407, ó di 96179 geere, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. 96179 sì jẹ́ alámì márùn-ún, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní pẹ́ńsù nílé lè pín in wò lálẹ́ yìí. Kò gba kọ̀ǹpútà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àṣà ìkọsílẹ̀ òǹkà ni ó bí gbogbo ìrìn yìí. Nígbà tí a bá kọ 3 àti 5 mọ́ra tí a pè é ní 35, ìlànà àwọn ará Íńdíà tó gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá kọjá ni a ń lò, èyí tí í máa kó nǹkan jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn baba wa kì í sọ bẹ́ẹ̀. Árùndínlógójì ni wọ́n ń pè é, wọ́n yọ márùn-ún kúrò nínú ogójì, ogún sì ni òpó tí ilé òǹkà wọn dúró lé. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ní àṣà tirẹ̀, 0 àti 1 nìkan ni ó ń kọ. Bí a bá kọ 255987 ní eré Conway ní èdè kọ̀ǹpútà, ó ní 3 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 19 àti 499 ní òbí; 11, 11, 10011 àti 111110011 ni yóò kọ sílẹ̀, nígbà tó bá sì so wọ́n pọ̀, 255987 náà ni yóò tún bá. Ọ̀fìn tó wà ní trílíọ̀nù 13 lójú ọ̀nà tiwa kò tó 300000 lójú ọ̀nà tirẹ̀.

Ohun tí Davis rí parí ìjà lórí ọ̀rọ̀ Conway, kò sì dáhùn ti gbogbo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ogún, òpó ilé baba wa, ṣì ń rìn ní ọ̀nà Conway: 20 di 225, ó di 3252, ó di 223271, ó di 297699, ó di 399233, ó di 715623, àwọn tó tọ̀ ọ́ sì ti bá a dé ibi tí àmì ti ju ọgọ́rùn-ún lọ láìrí ilé. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí a lè fi bẹ̀rẹ̀, òun ni ó kéré jù tí a kò mọ òpin rẹ̀ ní ọ̀nà náà. 49 wà ní ọ̀nà tí a kọ́kọ́ rìn, òkè ni òun náà kọjú sí.

Àkókò mi ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n fún ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní èyí tí apá yín ká. Ẹ mú 14, kí ẹ gba ọ̀nà tí a kọ́kọ́ rìn, níbi tí a kì í ti í sọ ọmọ kalẹ̀ láti èjìká, tí a ń kọ gbogbo òbí ní iye ìgbà tí wọ́n fara hàn. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni ẹ ó rìn. Ẹ ó rí 27 àti 333 kíákíá. 3337 yóò dà yín láàmú díẹ̀, ẹ gbìyànjú 47 sí i. Bí ẹ bá sì dé 13367, ẹ lè sọ ẹrù yín kalẹ̀.